Ta Ni Ó Ń Dúró De Ta? Ìtàn Bí Kọ̀ǹpútà Ṣe Kọ́ Láti Gba Ìlà Ọ̀rọ̀ Lọ́wọ́ Ènìyàn

Ohun kékeré kan ni mo fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ yìí. Ó kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ń lo kọ̀ǹpútà lójoojúmọ́ kò mọ̀ pé ó wà. Síbẹ̀ àwọn ọ̀mọ̀wé jiyàn lé e lórí fún ọ̀pọ̀ ọdún, ó sì wọ inú òfin tí àjọ àgbáyé ṣe fún èdè kan. Ohun náà ni pé: nígbà tí ètò kọ̀ǹpútà bá fẹ́ gba ìlà ọ̀rọ̀ kan lọ́wọ́ ẹni tí ó jókòó níwájú rẹ̀, ìgbà wo gan-an ni ó yẹ kí ó na ọwọ́?

Gbogbo wa ni a mọ bí a ti ń pa àlọ́ àpamọ̀. Apàlọ́ yóò ní, "Ààlọ́ o!" Àwọn tí ó jókòó yóò dáhùn pé, "Ààlọ̀!" Lẹ́yìn náà ni yóò sọ àlọ́ rẹ̀, tí yóò sì dákẹ́ kí wọ́n lè já a. Ẹ wá fi ojú inú wo apàlọ́ kan tí ó jókòó, tí ó ń wo ẹnu àwọn ọmọdé, tí kò sì ní sọ àlọ́ náà jáde àfi bí wọ́n bá kọ́kọ́ já a. Bí wọ́n bá sì ti já a tán, kò ní sọ fún wọn bóyá wọ́n gbà á tàbí wọn kò gbà á, àfi bí wọ́n bá tún já èyí tí ó tẹ̀ lé e. Irú apàlọ́ bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà tí ó ń lo èdè Pascal láàárín ọdún 1970 sí 1980. Kì í ṣe pé ẹ̀rọ náà bàjẹ́, kì í sì í ṣe pé ẹni tí ó kọ ètò náà ṣe àṣìṣe. Gẹ́gẹ́ bí òfin èdè náà ti wà ni ẹ̀rọ ṣe ń ṣe.

Ẹ jẹ́ kí n ṣe àlàyé ọ̀rọ̀ kan tí n ó máa lò kí n tó tẹ̀ síwájú. Àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì ń pe àyè kékeré kan nínú ìrántí kọ̀ǹpútà ní buffer. Ibẹ̀ ni ẹ̀rọ ń kó ohun tí ó ń ti òde bọ̀ sí kí ètò tó bèèrè fún un. Irú àyè bẹ́ẹ̀ náà ni ó ń kó ohun tí ètò fẹ́ sọ sí kí ó tó gbé e jáde. Èmi yóò pè é ní agbọ̀n. Ẹni tí ń ká ọsàn kì í mú ọsàn kọ̀ọ̀kan sọ̀ kalẹ̀ láti orí igi. Inú agbọ̀n ni ó ń kó wọn sí, agbọ̀n ni ó sì ń sọ̀ kalẹ̀ nígbà tí ó bá kún.

Iyì àkókò ẹ̀rọ ni ó mú kí a hun agbọ̀n yìí. Nígbà tí ọdún 1950 sí 1960 ń parí lọ, owó gọbọi ni a fi ń ra kọ̀ǹpútà tàbí háyà rẹ̀, a sì ń ṣírò wákàtí rẹ̀ bí ẹni ń ṣírò owó. Káàdì oníhò ni a ń kọ iṣẹ́ sí, àmì 80 sì ni káàdì kan ń gbà. Ẹ̀rọ tí ń ka káàdì ń falẹ̀ gidigidi lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ tí ń ṣírò, nítorí náà bí ìkejì bá dúró de èkíní nígbà gbogbo, owó ni ó ń ṣòfò. Àwọn ẹ̀rọ bí IBM 709 wá ní ọ̀nà ọ̀tọ̀ tí ohun tí a ń kà lè gbà wọlé, tí ìṣírò yóò sì máa lọ láìdúró. Ẹni tí ó bá ti rí bíríkìlà àti lébìrà rẹ̀ níbi iṣẹ́ ti mọ ọgbọ́n náà. Lébìrà tí ó mọ iṣẹ́ kì í dúró kí bíríkìlà pè kí ó tó gbé búlọ́ọ̀kù wá. Kí èyí tí ó wà lọ́wọ́ ọ̀gá tó tán, òmíràn ti wà nílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ẹ̀rọ ṣe ń ka káàdì tí ń bọ̀ ṣáájú, tí ó ń kó o sínú agbọ̀n kan nígbà tí ètò ń lo ohun tí ó wà nínú agbọ̀n kejì.

Kíkà ṣáájú yìí kò pa ẹnikẹ́ni lára. Káàdì ti wà nílẹ̀ láti àná, ẹni tí ó lu ihò sí i sì ti lọ sílé rẹ̀. Yálà ẹ̀rọ kà á nísinsìnyí ni, yálà ó dúró fún ìṣẹ́jú díẹ̀, ohun tí ó wà lára rẹ̀ kò ní yí padà. Mo fẹ́ kí ẹ fi gbólóhùn yìí sọ́kàn, nítorí lórí rẹ̀ ni gbogbo ìyókù ìtàn yìí dúró lé.

Ní ọdún 1959 ni John McCarthy ní MIT ní Amẹ́ríkà kọ ìwé sí àwọn ọ̀gá rẹ̀ pé ó yẹ kí ọ̀pọ̀ ènìyàn lè jókòó ti kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀kan náà, kí ẹ̀rọ máa yára lọ láti ọ̀dọ̀ ẹnì kan sí ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn, tó bẹ́ẹ̀ tí yóò fi dà bí ẹni pé olúkúlùkù ni ó ni ín. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1961, Fernando Corbató àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi irú rẹ̀ han ayé lórí IBM 709 kan tí wọ́n tún ṣe. Orúkọ rẹ̀ ni CTSS. Ohun tí ó wà lọ́wọ́ ẹni tí ó jókòó kì í ṣe káàdì mọ́ bí kò ṣe ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tí okùn so mọ́ kọ̀ǹpútà. Nígbà tí ó yá, èyí tí ó gbòde jù lọ ni Teletype Model 33, tí ó jáde ní ọdún 1963. Àmì mẹ́wàá péré ni ó lè tẹ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá kan, orí ìwé ni ó sì ń tẹ̀ ẹ́ sí, pẹ̀lú ariwo.

Ìbéèrè tuntun dé. Nígbà tí ènìyàn bá tẹ àmì kan, ṣé kí ẹ̀rọ gbé àmì náà fún ètò lójú ẹsẹ̀ ni, tàbí kí ó fi pamọ́? Ìrántí ẹ̀rọ kéré nígbà náà. Kí ètò ẹnì kan tó lè ṣiṣẹ́, ó di dandan kí a gbé ti ẹlòmíràn jáde ná. Bí a bá ń pààrọ̀ ètò nítorí lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, ìpààrọ̀ nìkan ni ẹ̀rọ yóò máa ṣe títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Ètò alákòóso ẹ̀rọ fi ń kó àmì jọ sínú agbọ̀n, kò sì ní jí ètò tí ń retí rẹ̀ àfi bí ènìyàn bá tẹ àmì ìparí ìlà. Bí ìlà ṣe di òṣùwọ̀n ìfọ̀rọ̀wérọ̀ láàárín ènìyàn àti ẹ̀rọ nìyẹn.

Nítorí ẹ̀rọ ni a ṣe dá a sílẹ̀, ṣùgbọ́n ènìyàn jẹ nínú rẹ̀. Níwọ̀n ìgbà tí ìlà kò bá tíì parí, ètò kò tíì rí i. Ẹni tí ó ń tẹ̀ ẹ́ ṣì lè yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà. Nínú Multics, tí MIT àti àwọn mìíràn jọ bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn CTSS, àmì # ni a fi ń pa àmì tí ó ṣáájú rẹ̀ rẹ́, àmì @ sì ni a fi ń pa odidi ìlà rẹ́. Bí ẹnì kan bá tẹ IBADAM#N, IBADAN ni ètò yóò rí. Àṣìṣe náà yóò hàn lórí ìwé, nítorí ohun tí a ti tẹ̀ sórí ìwé kò ṣe é parẹ́, ṣùgbọ́n kò dé etí ètò. Ken Thompson àti Dennis Ritchie, tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ lórí Multics rí, kó àmì méjèèjì lọ sínú Unix tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní Bell Labs ní ọdún 1969. (Nígbà tí Ray Tomlinson mú @ láti fi ya orúkọ ènìyàn sọ́tọ̀ kúrò lára orúkọ ẹ̀rọ nínú lẹ́tà orí kọ̀ǹpútà ní ọdún 1971, àwọn tí ń lo Multics rí i pé bí àwọn bá ti tẹ àdírẹ́sì dé ìdajì, gbogbo ìlà ni ó ń parẹ́. Èyí kò sí lára ọ̀rọ̀ mi, ṣùgbọ́n n kò lè ṣàì sọ ọ́.)

Agbọ̀n méjì ni ó wá wà báyìí, ó sì yẹ kí a mọ ìyàtọ̀ wọn. Agbọ̀n àkọ́kọ́, ti àwọn oníkáàdì, ti ẹ̀rọ ni: ó ń kó ohun tí ń bọ̀ jọ kí ẹ̀rọ má baà ṣíwọ́ iṣẹ́. Agbọ̀n kejì, ti ìlà, ti ẹni tí ń sọ̀rọ̀ ni: ó ń dáàbò bo ọ̀rọ̀ rẹ̀ títí yóò fi ní òun sọ tán. Wàhálà tí mo fẹ́ ròyìn bẹ̀rẹ̀ níbi tí agbọ̀n ẹ̀rọ ti fẹ́ gba iṣẹ́ agbọ̀n ènìyàn ṣe.

Èdè kan wà tí ó yẹra fún wàhálà náà láti ìbẹ̀rẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé n kò rò pé ẹnikẹ́ni yìn ín fún èyí tó. John Kemeny àti Thomas Kurtz ní Dartmouth College ni wọ́n dá BASIC sílẹ̀, aago mẹ́rin ìdájí ọjọ́ kìíní oṣù karùn-ún ọdún 1964 ni ó sì kọ́kọ́ ṣiṣẹ́. Láti ọjọ́ náà ni akẹ́kọ̀ọ́ ti ń jókòó ti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé láti kọ ètò rẹ̀. Síbẹ̀, BASIC àkọ́kọ́ kò ní àṣẹ kankan tí ètò lè fi bi ènìyàn ní ìbéèrè nígbà tí ó bá ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́. Inú ètò fúnra rẹ̀ ni a ń kọ gbogbo iye tí ó máa lò sí. Nínú ìtẹ̀jáde kẹta, ní ọdún 1966, ni àṣẹ INPUT dé. Ohun tí ó ń ṣe rọrùn púpọ̀: yóò tẹ àmì ìbéèrè síta, yóò sì dúró. Bíbéèrè àti dídúró wà nínú àṣẹ kan náà, ìbéèrè sì ni ó ṣáájú. Kò sí ọ̀nà tí olùṣètò fi lè dojú wọn kọ ẹ̀yìn.

Ẹ jẹ́ kí a wá lọ sí ìlú Zürich. Níbẹ̀, ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga ETH, ni Niklaus Wirth ti dá Pascal sílẹ̀. Ètò ògbufọ̀ àkọ́kọ́ fún un ṣiṣẹ́ ní ọdún 1970 lórí kọ̀ǹpútà CDC, àpèjúwe èdè náà jáde nínú ìwé ìròyìn àwọn ọ̀mọ̀wé ní ọdún 1971, ìwé ìlò rẹ̀ tí òun àti Kathleen Jensen jọ kọ sì tẹ̀ lé e ní ọdún 1974. Èdè tí ó mọ́ tónítóní ni, èyí tí a lè fi kọ́ ọmọ ní ìrònú tí ó létò. Èmi kò sí lára àwọn tí ń fojú tín-ín-rín rẹ̀. Bí ó sì ti mọ́ náà ni ó ṣe wo ọ̀rọ̀ fáìlì. Fún Wirth, fáìlì jẹ́ ohun tí ó tò tẹ̀ lé ara wọn, bí ìlẹ̀kẹ̀ lórí okùn. Ètò ní fèrèsé kan tí ó ń gbà wò wọ́n, ìlẹ̀kẹ̀ kan ṣoṣo ni ó sì ń hàn lójú fèrèsé náà. Àṣẹ get ń fa okùn kí ìlẹ̀kẹ̀ tí ó kàn lè yọjú. Bí ètò bá ti ṣí fáìlì, ìlẹ̀kẹ̀ àkọ́kọ́ ti gbọ́dọ̀ wà ní ojú fèrèsé.

Àǹfààní èyí pọ̀. Ètò lè wo ohun tí ń bọ̀ kí ó tó pinnu ohun tí yóò ṣe sí i. Ẹni tí ó bá fẹ́ ka nọ́ńbà lè rí i bóyá àmì tí ó kàn jẹ́ nọ́ńbà tàbí lẹ́tà, láìjẹ́ pé ó ti gbé e mì. Ó lè bèèrè, nípa eoln, bóyá ìlà ti parí, kí ó tó kọjá òpin rẹ̀. Àwọn tí ń kọ ètò ògbufọ̀ mọ iyì irú nǹkan bẹ́ẹ̀, Wirth sì jẹ́ ọ̀kan pàtàkì nínú wọn. Káàdì ni ó sì ń wọ inú kọ̀ǹpútà Zürich; káàdì ti wà nílẹ̀ láti àná.

Ṣùgbọ́n Pascal kò dúró sí Zürich. Ó dé ọ̀dọ̀ àwọn tí wọ́n jókòó ti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé. Ẹ jẹ́ kí a tẹ̀ lé ètò kékeré kan lẹ́sẹ̀ẹsẹ̀: yóò bèèrè pé "Kí ni orúkọ rẹ?", yóò ka ìlà kan, yóò kí ẹni náà, yóò bèèrè ìlú rẹ̀, yóò sì ka ìlà kejì. Òfin sọ pé input, fáìlì tí ń ti ọ̀dọ̀ ènìyàn wá, ti gbọ́dọ̀ ṣí kí àṣẹ àkọ́kọ́ nínú ètò tó ṣiṣẹ́. Bí ó bá ti ṣí, àmì kan gbọ́dọ̀ wà ní ojú fèrèsé. Àmì náà kò sí, nítorí pé ènìyàn kò tíì tẹ ohunkóhun. Ẹ̀rọ bá dúró. Ìwé tó wà níwájú ẹni náà funfun báláú. Ó ń wo ẹ̀rọ, ẹ̀rọ ń wò ó. Bí ó bá mọ̀ pé orúkọ òun ni wọn yóò bèèrè, tí ó sì tẹ "Adé", ìgbà náà ni ìbéèrè yóò jáde: "Kí ni orúkọ rẹ?" Ètò yóò wá fi readln ka orúkọ náà. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ readln kò parí síbi òpin ìlà. Ó gbọ́dọ̀ kọjá òpin náà, kí ó sì mú àmì àkọ́kọ́ nínú ìlà tí ó kàn wá sójú fèrèsé. Ìlà tí ó kàn kò sí. Ẹ̀rọ tún dúró, kí ó tó kí Adé. Bí Adé bá tẹ "Ọ̀yọ́", ìgbà náà ni yóò rí "Ẹ kú àárọ̀, Adé" àti ìbéèrè nípa ìlú tí ó ti dáhùn tán.

Ìlà kan ṣoṣo ni àlàfo tí ó wà láàárín wọn, àlàfo náà kò sì dí títí iṣẹ́ fi parí. Ohun tí ó burú níbẹ̀ ni pé ètò tí ó tọ̀nà pátápátá lórí káàdì ni. Bí a bá fi káàdì méjì rọ́pò Adé, gbogbo ohun tí ètò ní láti tẹ̀ ni yóò jáde ní ìtòlẹ́sẹẹsẹ rẹ̀, ẹnikẹ́ni kò sì ní mọ̀ pé a ka ohunkóhun ṣáájú àkókò. Káàdì kì í retí ìbéèrè kí ó tó dáhùn. Ènìyàn ni ó ń retí rẹ̀.

Oríṣiríṣi ọ̀nà ni wọ́n gbà láti wá àtúnṣe. Àwọn kan fi ìlà òfìfo kan tí kò sí níbì kankan ṣáájú ohun tí ènìyàn yóò tẹ̀, kí ojú fèrèsé má baà ṣófo nígbà tí ètò bá bẹ̀rẹ̀. Olùṣètò yóò sì máa rántí láti fo ìlà yìí kí ó tó ka èyí tí ó jẹ́ òtítọ́. Irọ́ kékeré tí a ń pa fún òfin ni mo ka èyí sí. Ní University of California ní San Diego, Kenneth Bowles àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ gba ọ̀nà mìíràn. Wọ́n ń fi Pascal kọ́ ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọmọ ní orí kọ̀ǹpútà kéékèèké, ènìyàn ni ó sì jókòó ti ọ̀kọ̀ọ̀kan, nítorí náà wọn kò lè fojú fo ọ̀ràn náà. Wọ́n dá irú fáìlì tuntun sílẹ̀ tí wọ́n pè ní INTERACTIVE. Nínú fáìlì yòókù, ètò ń lo àmì tí ó wà ní ojú fèrèsé kí ó tó fa okùn. Nínú INTERACTIVE, ó ń fa okùn kí ó tó lo àmì. Ẹ̀rọ kò tún ní dúró ṣáájú ìbéèrè mọ́. Ṣùgbọ́n òfin ti di méjì. Ètò tí ó ń fi eoln mọ òpin ìlà nínú fáìlì orí dísìkì yóò gbé àmì àlàfo kan tí ẹnikẹ́ni kò tẹ̀ mì bí a bá fi ènìyàn rọ́pò fáìlì náà, nítorí lẹ́yìn tí ó bá ti ka òpin ìlà ni eoln yóò tó sọ fún un pé ìlà ti parí.

Ọ̀nà kẹta ni ó wù mí jù lọ. Ní oṣù kejìlá ọdún 1978, James Saxe àti Andy Hisgen kọ àlàyé rẹ̀ sínú Pascal News, ìwé ìròyìn àwọn tí ń lo èdè náà. Orúkọ tí wọ́n fún ọgbọ́n wọn wá láti inú ọ̀rọ̀ tí àwọn onímọ̀ ti ń lò fún ìṣírò tí ó ya ọ̀lẹ. Wọ́n ní kí a má ṣe yí òfin Wirth padà rárá, ṣùgbọ́n kí ẹ̀rọ má ṣe ìyára láti mú un ṣẹ. Bí ètò bá ní kí a fa okùn, kí ẹ̀rọ kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun jẹ gbèsè fífà kan, kí ó sì máa bá iṣẹ́ mìíràn lọ. Ọjọ́ tí ẹnì kan bá yọjú sí fèrèsé gan-an, tí ó fẹ́ wo àmì tàbí tí ó béèrè bóyá ìlà ti parí, ọjọ́ náà ni kí ẹ̀rọ san gbèsè. Ẹ wá mú ètò Adé padà. Input ṣí, ẹ̀rọ kọ gbèsè sílẹ̀. Ìbéèrè jáde. Readln fẹ́ ka orúkọ. Ó di dandan láti wo ojú fèrèsé. Ẹ̀rọ dúró de Adé, ní àkókò tí ó yẹ. Adé tẹ orúkọ. Readln kọjá òpin ìlà, ó sì tún kọ gbèsè mìíràn sílẹ̀. Ìkíni jáde. Olùṣètò kò pààrọ̀ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo nínú ètò rẹ̀, ètò náà kò sì yàtọ̀ lórí káàdì.

Ibì kan ṣoṣo ni ọgbọ́n yìí kò dé. Ó wọ́pọ̀ kí olùṣètò kọ ọ́ pé, níwọ̀n ìgbà tí fáìlì kò bá tíì tán, kí ètò béèrè, kí ó sì ka ìlà. Láti mọ̀ bóyá fáìlì ti tán, ẹ̀rọ ní láti yọjú sí fèrèsé, ìdúró yóò sì tún ṣáájú ìbéèrè. Ẹ̀rọ lè mọ̀ pé káàdì ti tán nípa wíwo ibi tí a tò wọ́n sí. Ṣùgbọ́n ta ni ó lè mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti tán lẹ́nu ènìyàn, bí kò ṣe ẹni náà fúnra rẹ̀? A ní láti bi í ni.

Ní ọdún 1981 ni Brian Kernighan ti Bell Labs kọ ìwé kan lórí ìdí tí Pascal kì í fi í ṣe èdè ààyò rẹ̀, ọ̀ràn kíkà ṣáájú yìí sì wà lára ẹ̀sùn tí ó kà sí i lọ́rùn. Nígbà tí òfin àgbáyé ISO 7185 jáde ní ọdún 1983, ó fi àyè sílẹ̀ fún ẹ̀rọ láti ya ọ̀lẹ gẹ́gẹ́ bí Saxe àti Hisgen ti wí. Ní ọdún 1983 kan náà ni Turbo Pascal ti ilé-iṣẹ́ Borland dé ọjà, èyí tí ó yọ get àti fèrèsé kúrò nínú èdè pátápátá. Àìmọye ènìyàn ni ó ti ara rẹ̀ mọ Pascal láìgbọ́ rí pé fèrèsé kan wà. Bí ìjà náà ṣe parí nìyẹn: òfin gbà, ọjà sì ti kọjá lọ.

Kò yẹ kí a rò pé Kernighan ń sọ̀rọ̀ láti ilé tí kò ní àléébù. Ní Bell Labs, Mike Lesk ti kọ àkójọ àwọn iṣẹ́ kíkà àti kíkọ fún èdè C, èyí tí a tún ṣe, tí ó sì bá ìpele keje Unix jáde ní ọdún 1979. Agbọ̀n àmì 512 ni ó ń lò, gẹ́gẹ́ bí ìwọ̀n búlọ́ọ̀kù kan lórí dísìkì. Kíkà kò fa wàhálà púpọ̀, nítorí nǹkan kan tí ó dára nínú Unix: bí ètò bá béèrè àmì 512 lọ́wọ́ ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, tí ènìyàn sì tẹ ìlà tí ó ní àmì márùn-ún péré, ètò alákòóso yóò gbé ìwọ̀nba tí ó wà fún un, kò ní dúró kí agbọ̀n kún. Inú agbọ̀n ìsọjáde ni ọ̀ràn wà. Bí ènìyàn bá wà ní òdì kejì, ó yẹ kí ọ̀rọ̀ jáde ní ìlà kọ̀ọ̀kan. Bí ó bá jẹ́ fáìlì ni, kí agbọ̀n kún kí ó tó jáde. Nítorí náà ètò C ń kọ́kọ́ wádìí irú ẹni tí ó ń bá sọ̀rọ̀. Bí a bá fi páìpù so ètò méjì pọ̀, èkíní á rò pé fáìlì ni èkejì, á di ìbéèrè rẹ̀ mọ́nú, èkejì á sì máa retí ìbéèrè tí kò dé. Àwọn méjèèjì lè jókòó bẹ́ẹ̀ títí láé. Ní ọdún 1990, Don Libes kọ ètò kan tí ó pè ní expect, tí ó ń díbọ́n bí ẹni pé òun ni ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tí ènìyàn jókòó tì, kí àwọn ètò yòókù lè bá a sọ̀rọ̀ bí ẹni ń bá ènìyàn sọ̀rọ̀.

Ẹni tí ó bá sì ti kọ́ ọmọ ní C ti gbọ́ ẹjọ́ kejì. Ètò béèrè ọjọ́ orí, ọmọ tẹ 19, ó tẹ àmì ìparí ìlà. Ètò béèrè orúkọ, ṣùgbọ́n kò dúró gbà á. Ó fò ó kọjá. Scanf mú 19, ó fi àmì ìparí ìlà sílẹ̀ nínú agbọ̀n, ẹni tí ó wá ka ìlà lẹ́yìn rẹ̀ sì bá ìlà òfìfo pàdé. Àìsàn yìí jẹ́ òdìkejì ti Pascal: Pascal kọjá òpin ìlà ní kùtùkùtù, C kò kọjá rẹ̀ rárá. Ó ṣì ń bá àwọn ọmọ tí ń kọ́ Java jà, bí wọ́n bá lo nextInt kí wọ́n tó lo nextLine.

Mo rò pé àwọn tí ó kọ Python mọ gbogbo ìtàn yìí, síbẹ̀ ó mú wọn. Nínú ìpele kejì èdè náà, ọ̀nà tí ó rẹwà jù láti ka fáìlì ní ìlà kọ̀ọ̀kan ni kí a fi for rìn lórí rẹ̀. Kí ó lè yára, ẹ̀rọ ń kó àmì 8,192 jọ sínú agbọ̀n tí a kò lè fojú rí, kò sì gba ìwọ̀nba tí Unix bá gbé fún un. Ó ń tẹnu mọ́ ọn pé kí agbọ̀n kún tàbí kí fáìlì tán. Lórí dísìkì, ó yára bí àṣá. Bí ènìyàn bá jókòó tì í, yóò tẹ ìlà kan, yóò tẹ méjì, yóò tẹ mẹ́wàá, ètò kò ní rí ẹyọ kan. Ọgbọ́n tí àwọn ènìyàn ń dá nígbà náà ni láti máa pe readline ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, èyí tí kì í lo agbọ̀n náà. Python ìpele kẹta, tí ó jáde ní oṣù kejìlá ọdún 2008, ni ó tún àkójọ kíkà àti kíkọ rẹ̀ ṣe láti ìpìlẹ̀; for tí ó wà nínú rẹ̀ ń gba ìlà bí ó bá ti dé. Ní ọdún 2012 ni wọ́n fi kún àṣẹ print ohun tí olùṣètò lè fi sọ pé kí ọ̀rọ̀ jáde lójú ẹsẹ̀. Ní ti àṣẹ input rẹ̀, inú ìdè kan náà ni a ń kọ ìbéèrè sí. Yóò kọ́kọ́ tú agbọ̀n ìsọjáde dànù síta, yóò béèrè, lẹ́yìn náà ni yóò dúró, bí INPUT ti Dartmouth ṣe ń ṣe ní ọdún 1966.